Kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá fi sílẹ̀ fọ́mọ: Bí orin àtijọ́ ṣe gbé fíìmù 'Guardians of the Galaxy' dókè

Inú oṣù kẹjọ, ọdún 2014, lọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ó sì ya àwọn tó ti pẹ́ nídìí òwò orin lẹ́nu gan-an ni. Àwo orin kan ló jáde tí kò sí orin tuntun kankan nínú ẹ̀, àfi orin àtijọ́ 12 táwọn èèyàn ti gbọ́ títí, tí wọ́n ti pa tì. Àwọn kan nínú àwọn tó kọ wọ́n ti wà nínú sàréè, àwọn ẹgbẹ́ olórin mí-ìn ti tú ká tipẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò sì gbọ́ orúkọ wọn rí. Àmọ́ nígbà tí ìwé ìròyìn Billboard, àwọn tó máa ń ka iye tí àwo kọ̀ọ̀kan tà, yóò gbé àtẹ ẹ̀ síta, àwo orin àtijọ́ yìí ló jókòó sípò kìíní. Látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àtẹ náà, kò tíì sí àwo fíìmù kan tó jẹ́ pé orin tó ti jáde tẹ́lẹ̀ nìkan ló kún inú ẹ̀ tó débẹ̀ rí. Eléyìí ni àkọ́kọ́.

'Awesome Mix Vol. 1' lorúkọ àwo náà. Inú fíìmù 'Guardians of the Galaxy' tí iléeṣẹ́ Marvel gbé jáde lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún náà ló ti wá. James Gunn ló darí ẹ̀. Fíìmù ogun ojú ọ̀run ni o, èyí tí igi ti ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tí ẹranko tí wọ́n ń pè ní raccoon ń yìnbọn bí ológun, tí ara obìnrin kan sì rí bí ewé tútù. Kí ló wá kan orin ọdún 1967 nínú irú nǹkan báyìí? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọdún 1988 ni ìtàn bẹ̀rẹ̀, nílé ìwòsàn kan. Ọmọkùnrin kan, Peter Quill, jókòó síta yàrá, ó fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí, ó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì nínú Walkman ẹ̀. Nínú yàrá lọ́hùn-ún, Meredith ìyá ẹ̀ ló dùbúlẹ̀, tí jẹjẹrẹ ti mú débi tí kò sí irun kan lórí ẹ̀ mọ́. Wọ́n pe ọmọ wọlé. Ìyá ní ẹ̀bùn kan fún un tí wọ́n fi bébà wé, ó wá nawọ́ sí i pé kó di òun lọ́wọ́ mú. Ọmọ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù ló bà á. Kó tó yíjú padà, ìyá ti lọ. Ọmọ figbe ta, ó sá jáde sínú òkùnkùn, ibẹ̀ sì ni àwọn olè ojú ọ̀run kan ti fi ọkọ̀ wọn gbé e lọ. Látọjọ́ náà, fún ọdún 26, ojú ẹ̀ ò kan ilé mọ́. Ohun méjì wà lára ohun tó bá a lọ: Walkman tòun ti kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ̀, àti ẹ̀bùn tí kò tú. Ó dàgbà, ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn lójoojúmọ́, àmọ́ kò tú ẹ̀bùn ọ̀hún. Ẹni tó bá ti ṣòfò ìyá rí ò ní béèrè ìdí ẹ̀.

Ohun tó mú fíìmù yìí yàtọ̀ sí àwọn mí-ìn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù ló máa ń mú orin àtijọ́ tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ wọn bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, kó ṣáà dùn lẹ́nu. Nínú fíìmù Gunn, ẹni tó wà nínú ìtàn gan-an ló ń gbọ́ orin yẹn, ìyá ẹ̀ ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ kó o jọ fún un. Bí Walkman bá bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, Quill á fẹ̀mí ara ẹ̀ wéwu kó tó gbà á padà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Èèyàn tó ń wòran á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tó ń tìtorí kásẹ́ẹ̀tì lásán padà síbi ikú. Ó dìgbà tó bá rántí ilé ìwòsàn yẹn kó tó pa ẹnu mọ́.

Ẹ tún wo ọgbọ́n kan níbẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n gbé ọmọ lọ, àmọ́ kò sí orin kan ṣoṣo láti àwọn ọdún 1980 nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Tọmọdé ò bá ni, Michael Jackson ìgbà yẹn ni ì bá fi kún inú ẹ̀. Àmọ́ tìyá ni. Orin ìgbà ọ̀dọ́ tiẹ̀ ló gbà sílẹ̀, àárín ọdún 1967 sí 1979 ni gbogbo wọn wà. Michael Jackson wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé tí ò tíì ju ọdún 11 lọ ni, tòun tàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Jackson 5, nínú 'I Want You Back' ti ọdún 1969. Quill ò mọ nǹkan kan nípa ìgbésí ayé ìyá ẹ̀ ju ohun tí orin wọ̀nyí sọ fún un lọ.

Kì í ṣe ẹ̀yìn tí wọ́n ya fíìmù tán ni Gunn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orin kiri. Ó padà sídìí àwọn àtẹ orin àwọn ọdún 1970, ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin jọ, ó ń gbọ́ wọn nílé, ó ń ṣa èyí tó bá ìtàn mu, ó sì kọ wọ́n sínú ìwé eré gan-an. Kí òṣèré tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti mọ orin tí yóò dún. Gunn fúnra ẹ̀ ti kọrin nínú ẹgbẹ́ kan rí kó tó di ẹni tó ń darí fíìmù, ìyẹn náà hàn nínú iṣẹ́ ọ̀hún.

Ká mú orin tó dún nílé ìwòsàn yẹn. 'I'm Not in Love' ni, ẹgbẹ́ 10cc láti ìlú Stockport, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ lọ́dún 1975. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ló wà lẹ́yìn. Rárá o. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló dúró sídìí ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, tí wọ́n ń kọ ohùn kan léraléra, tí wọ́n ń to ohùn lórí ohùn nínú tépù, títí ohùn fi lé ní 600. Tépù tí wọ́n so ní òbìrípo ni wọ́n wá ń fi pe ohùn náà jáde bí ẹni ń tẹ dùùrù. Ohùn obìnrin kan tó sì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín orin náà kì í ṣe ti olórin rárá, òṣìṣẹ́ tó ń gbàlejò ní sítúdíò wọn ni wọ́n pè wọlé. Lójú ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń kú lọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ obìnrin yẹn kì í ṣọ̀rọ̀ eré mọ́.

Lẹ́yìn ọdún 26 nínú ìtàn, Quill ti dọkùnrin, Chris Pratt ló sì ń ṣe é. Ó sọ̀ sórí ilẹ̀ ahoro kan lójú ọ̀run, òjò ń rọ̀, ibi gbogbo dúdú. Gbogbo èèyàn ló ń retí ìbẹ̀rù. Àfi bó ṣe ki hẹ́ẹ̀dìfóònù bọ etí, tó tẹ Walkman, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó! Ó gbá ẹran kékeré kan mú, ó ń fi ṣe gbohùngbohùn, ó ń fò kọjá lórí omi. 'Come and Get Your Love' ti ẹgbẹ́ Redbone ló ń gbọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ fíìmù ti jáde gàdàgbà, ibẹ̀ náà làwọn tó wà ní sinimá ti mọ̀ pé fíìmù yìí ò ní jọ àwọn tó kù.

Ìtàn Redbone fúnra ẹ̀ tó fíìmù. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Pat Vegas àti Lolly Vegas, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní California. Ìran àwọn onílẹ̀, àwọn tó wà l'Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ni wọ́n fi ṣe àmì ẹgbẹ́ wọn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn mí-ìn ń fi irú ìran bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Lọ́dún 1974, orin yìí dé ipò karùn-ún lórí àtẹ Billboard. Lolly ló kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo rọlẹ̀. Lolly Vegas kú nínú oṣù kẹta, ọdún 2010. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni àwọn ọmọdé tí wọn ò tíì bí nígbà tó lókìkí bẹ̀rẹ̀ sí í jó orin ẹ̀ kiri ayé. Kò fojú rí i.

Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Clarence Burke, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé kan náà tí wọ́n ń jẹ́ Five Stairsteps ní Chicago, ọmọ ọlọ́pàá. Àwọn ló kọ 'O-o-h Child' lọ́dún 1970. Orin yẹn ni Quill bẹ̀rẹ̀ sí í kọ níwájú ọ̀tá tó fẹ́ pa ìlú run, tó ń jó, tí ọ̀tá yanu sílẹ̀ tó ń wò ó bí ẹni rí wèrè, táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì rí àyè tún ìbọn wọn ṣe. Burke kú lọ́dún 2013, ọdún kan péré kí fíìmù tó jáde.

Àwọn tó bá fẹ́ràn òfófó, ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀. 'Escape' ti Rupert Holmes, tó jáde lọ́dún 1979, wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ìyá yìí náà. Ọkọ kan tí ìyàwó ẹ̀ ti sú ló ń ka ìpolówó àwọn tó ń wá olólùfẹ́ nínú ìwé ìròyìn, ó kọ̀wé sí obìnrin kan tó wù ú, wọ́n dájọ́ ìpàdé, ó débẹ̀, àṣé ìyàwó ẹ̀ náà ni! Ẹni tó kọ irú ìyẹn ì bá ríṣẹ́ sí ilé ìwé ìròyìn kan lóṣù tó kàn.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí owó, nítorí ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí. Èèyàn ò kàn lè mú orin olórin kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ fíìmù. Àṣẹ méjì ló gbọ́dọ̀ gbà. Àṣẹ kan ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tó kọ orin, ìyẹn ẹni tó ni ọ̀rọ̀ àti ohùn orin, tàbí iléeṣẹ́ tó ń bá a bójú tó o. Àṣẹ kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gan-an, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹ wo 'Hooked on a Feeling', orin tí wọ́n fi polówó fíìmù náà nínú oṣù kejì, ọdún 2014, tí àwọn èèyàn tìtorí ẹ̀ dà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ rà á. Mark James ló kọ ọ́. B.J. Thomas ló kọ́kọ́ gbé e jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1968. Lọ́dún 1971, Jonathan King, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún un kọ, òun ló fi igbe bí ti àwọn ọdẹ tó wà níbẹ̀rẹ̀ orin náà kún un. Ẹgbẹ́ Blue Swede láti Sweden gbọ́ ìyẹn, wọ́n tún un kọ tigbe-tigbe, ó sì gbé wọn dé ipò kìíní l'Amẹ́ríkà nínú oṣù kẹrin, ọdún 1974, ibi tí olórin Sweden kankan ò dé rí. Ti Blue Swede ni Gunn lò. Ìyẹn ni pé owó lọ sápá ọ̀dọ̀ Mark James tó kọ ọ́, ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni àwo Blue Swede. B.J. Thomas tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ sọ orin náà di ńlá? Ohùn tiẹ̀ kọ́ ló dún, kò sí nínú ẹ̀. King tó mú igbe wá? Òun náà ò sí nínú ẹ̀. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀.

Ó tún ku kékeré kan. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, bí fíìmù bá ń lọ ní sinimá, ilé sinimá máa ń san owó díẹ̀ fún àwọn tó kọ orin inú ẹ̀. L'Amẹ́ríkà, wọn kì í san án. Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá lọ́dún 1948 ló fa ìyẹn, látìgbà náà ló sì ti wà bẹ́ẹ̀. Fíìmù yìí pa lé ní mílíọ̀nù 770 dọ́là kárí ayé, àmọ́ nínú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já l'Amẹ́ríkà, kò sí kọ́bọ̀ kan tó tọwọ́ ilé sinimá bọ́ sọ́wọ́ olórin. Ohun tí wọ́n bá ti gbà nígbà tí wọ́n fọwọ́ síwèé náà ni, àti ohun tí àwo bá tún pa lẹ́yìn ọ̀la.

Ọkùnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀. Tyler Bates ni. Òun ló ṣe àwọn orin tuntun inú fíìmù náà, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tí fèrè, ìlù, gòjé òyìnbó àti ẹgbẹ́ akọrin ń gbé lábẹ́lẹ̀ bí eré bá ń lọ. Iṣẹ́ tó le gan-an ni, pàápàá bí orin olórúkọ 12 bá ti wà nílẹ̀. Àwọn ènìyàn á jáde ní sinimá, orin Marvin Gaye ni wọ́n á máa hó kiri, kò sẹ́ni tí yóò hó ti Bates. Àwo tiẹ̀ náà jáde, tìyá Quill ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ìfòyà àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1968, Alex North, ògbóǹtarìgì olórin fíìmù, ṣe orin fún '2001: A Space Odyssey' tí Stanley Kubrick darí. Ó ṣe é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é pa ara ẹ̀. Ó múra, ó lọ wo fíìmù náà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Kò gbọ́ ohùn kan nínú tiẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tí Kubrick ti ń fi bojú ibẹ̀ fúngbà díẹ̀ náà ló fi sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sọ fún un. Gbogbo olórin fíìmù ló mọ ìtàn yẹn.

Ohun tí Gunn ṣe fún Bates yàtọ̀. Ó ní kó ṣe àwọn orin kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù rárá. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti yà á, tí wọ́n ti gé e tán, ni wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ fún olórin pé kó wá rán aṣọ sára ẹni tó ti dúró sílẹ̀. Gunn wá ń tẹ orin Bates sétí àwọn òṣèré níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tẹ orin inú kásẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí ìrìn ẹsẹ̀ wọn fi bá orin lọ.

Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wo fíìmù yẹn lẹ́ẹ̀kejì yóò rí ohun kan. Orin àtijọ́ ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àmọ́ ibi tí omijé bá ti bọ́, orin Bates ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ń já bọ̀ láti òkè, Groot, igi tí kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ, na ẹ̀ka ẹ̀ yí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ká, ó fi ara ẹ̀ ṣe ilé fún wọn kí òun lè kú kí wọ́n lè yè. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ohùn akọrin Bates ló rọra ń dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ni Quill di òkúta olóró mú, ara ẹ̀ fẹ́ fà ya, ọ̀rẹ́ ẹ̀ Gamora na ọwọ́ sí i pé kó di òun mú. Ojú Quill ṣú, ìyá ẹ̀ ló rí lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, tó tún nawọ́ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dì í mú. Orin kásẹ́ẹ̀tì kan ò lè gbé ibẹ̀ yẹn, bó ti wù kó dùn tó, nítorí pé orin tẹ́ni gbogbo mọ̀ ti ní ìrántí tẹni gbogbo nínú. Ibẹ̀ ń fẹ́ orin tí kò tíì jẹ́ tẹnìkan rí.

Lẹ́yìn ogun ni Quill wá tú ẹ̀bùn. Lẹ́tà ìyá ẹ̀ wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kejì, 'Awesome Mix Vol. 2'. Ó kì í bọ inú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. 'Ain't No Mountain High Enough' ló jáde, Marvin Gaye àti Tammi Terrell, ọdún 1967.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó jó síbẹ̀ ò mọ ohun tó wà nídìí orin yẹn. Ọmọ Philadelphia ni Tammi Terrell, Thomasina Montgomery lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nickolas Ashford àti Valerie Simpson ló kọ orin náà, ọ̀dọ̀ Motown ló ti jáde, ó sì sọ òun àti Marvin di bíi ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́nu aráyé. A kì í dárúkọ ọ̀kan ká má dárúkọ èkejì. Nínú oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ń kọrin lórí pèpéle ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Virginia ni Tammi ṣubú sọ́wọ́ Marvin. Orí tó ti ń fọ́ ọ tipẹ́, kókó ló wà nínú ọpọlọ ẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n tún ṣe é, wọ́n tún ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ 16, oṣù kẹta, ọdún 1970, ó kú. Ọmọ ọdún 24 ni. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú ẹ̀, Diana Ross tún orin kan náà kọ, ó sì gbé e dé ipò kìíní, ibi tí ti Tammi àti Marvin ò dé. Marvin ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbádùn mọ́. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹrin, ọdún 1984, bàbá tó bí i lọ́mọ ló yìnbọn pa á, ó ku ọ̀la kó pé ọdún 45.

Kókó inú orí náà ló pa ìyá Quill. Fíìmù kejì, tó jáde nínú oṣù karùn-ún, ọdún 2017, ló sọ ọ́ gbangba. Bóyá Gunn mọ̀ọ́mọ̀ mú ohùn Tammi láti fi ṣe ohùn ìyá tó ń bọ̀ láti ibojì ni o, bóyá orin ọ̀hún kàn dùn mọ́ ọn ni, ẹni tó bá mọ ìtàn ọmọbìnrin yẹn ò ní lè gbọ́ ibi ìparí fíìmù náà bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì wá di ọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn tó lo kásẹ́ẹ̀tì rí mọ ìyà ẹ̀: tépù á há, èèyàn á mú bírò kì bọ ihò ẹ̀, á máa yí i bí ẹni ń lọta. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni á tún fowó rà á. Nínú oṣù kọkànlá, ọdún 2014, wọ́n ṣe 'Awesome Mix Vol. 1' sórí kásẹ́ẹ̀tì gidi, bí ẹni pé Meredith fọwọ́ kọ orúkọ sí i lára, wọ́n sì rà á. Nígbà tó máa di ọdún 2017, kásẹ́ẹ̀tì àwọn fíìmù yìí ló tà jù lọ l'Amẹ́ríkà. Walkman tí Quill ń lò, TPS-L2 tí Sony kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1979, náà di ohun tí àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń wá kiri. Ihò hẹ́ẹ̀dìfóònù méjì ló wà lára ẹ̀, kí ẹni méjì lè jọ gbọ́rin kan. Irú ìyẹn ò wọ́pọ̀ mọ́.

Nínú fíìmù kejì, Ego, bàbá tó bí Quill, tó tún jẹ́ pé òun ló fi kókó sínú orí ìyá ẹ̀, ló fọwọ́ fọ́ Walkman náà túútúú. Ẹni tó tọ́ Quill dàgbà, Yondu, olè ojú ọ̀run tó jí i gbé, ló kú nítorí ẹ̀. Orin tí wọ́n fi sin ín ni 'Father and Son' ti ọdún 1970, tí Cat Stevens kọ. Àwọn mùsùlùmí tó wà nínú òǹkàwé mọ olórin yẹn dáadáa lórúkọ mí-ìn: ó gba ẹ̀sìn lọ́dún 1977, ó di Yusuf Islam, ó sì pa orin tì fún ọdún gbọọrọ.

Gunn náà rí tiẹ̀. Nínú oṣù keje, ọdún 2018, Disney tó ni Marvel lé e dànù torí àwàdà rírùn tó ti kọ sórí Twitter lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Àwọn òṣèré ẹ̀ kọ̀wé fọwọ́ sí i pé àwọn wà lẹ́yìn ẹ̀. Nínú oṣù kẹta, ọdún 2019, wọ́n pè é padà, ó sì ṣe ẹ̀kẹta, tó jáde nínú oṣù karùn-ún, ọdún 2023.

Ọmọ tiwa náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ẹni àkọ́kọ́ tó ká Quill mọ́ bó ti jó orin Redbone tán nínú fíìmù kìíní ni Korath, Djimon Hounsou ló sì ṣe é, ọmọ Kútọnu ní Benin, tó ti sùn síta rí nílùú Paris kó tó di òṣèré. Nínú ẹ̀kẹta, ọ̀dájú tó ń fi ẹranko ṣe ìdánwò, Chukwudi Iwuji tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ló ṣe é, ó sì ṣe é débi tí àwọn ènìyàn fi kórìíra ẹ̀.

Ní ti orin, ẹ̀kẹta ò dà bíi ti àkọ́kọ́, ká má tan ara wa. Bates ò sí níbẹ̀ mọ́, John Murphy ló ṣe orin tuntun inú ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ìyá ti parí, inú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ Zune, tó gba orin 300, ni orin ti ń jáde, ó sì dé àwọn ọdún 1990 àti ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn orin náà dára, àmọ́ kò sí ẹni tó ṣa wọ́n jọ fún ọmọ ẹ̀. Àfi ìgbà tí ìtàn parí, tí Quill ti padà wá sáyé, sọ́dọ̀ bàbá ìyá ẹ̀ tó ti darúgbó, tí Rocket, raccoon tí wọ́n dá lóró láti kékeré, ti di ọ̀gá ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ń jiyàn lórí olórin tí kálukú fẹ́ràn jù. Wọ́n bi Rocket. Ó mú Zune, ó ní kí wọ́n gbọ́ èyí tóun yàn láàyò, ó tẹ̀ ẹ́. Redbone ni.